Ìdákọ̀ró Tí Mo Jù Sí Hydra

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé yín pé mo ní ìwé-ẹ̀rí. Day Skipper ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ àwọn olùtukọ̀ ìgbafẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní RYA ló ni ìlànà rẹ̀. Ojú omi Solent, láàárín Southampton àti erékùṣù Wight, ni mo ti gbà á, nínú òjò, lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Mo fi férémù sí i, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ mi ní Peckham, kò sì sí àlejò tó jókòó síbẹ̀ tí mi ò fi hàn. Ìwé yẹn ló kó bá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣòwò l'Ékòó, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ni wọ́n dáwó jọ ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan, àlòkù tó ṣì ń dán, tí ibùsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì. Mítà 23 àti díẹ̀ ni gígùn rẹ̀ nínú ìwé. Wọn ò ṣèèṣì kàn án bẹ́ẹ̀ o. Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ nínú ìwé bá ti dé mítà 24, òfin àwọn ọkọ̀ ńlá ló máa tẹ̀ lé, ìnáwó sì ni òfin ọ̀hún; ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ fi máa ń dáwọ́ dúró kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín ìgbà ooru láàárín ara wọn, oṣù kẹjọ sì bọ́ sọ́wọ́ tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi máa pé ẹni ọdún 60 nínú oṣù náà, Màmá máa wá láti Ìbàdàn, wọ́n sì ti rán aṣọ ẹbí kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí ọkọ̀ máa sùn. Ó wá ku ẹni tí yóò ṣètò ìrìn àjò. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣebí Àlàbí ní ìwé-ẹ̀rí."

Mi ò ní pẹ́ lórí ètò náà, torí ojú ṣì ń tì mí. Mo ṣí Excel, mo fi oríṣiríṣi àwọ̀ kùn ún. A ó kúrò ní Athens, a ó gba Mykonos, a ó sùn ní Kos, a ó sì kọjá sí Bodrum ní ilẹ̀ Tọ́kì lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán, nítorí ìlú méjèèjì súnmọ́ra débi pé wọ́n ń rí iná ara wọn lálẹ́. Ohun tí mi ò rò ni pé físà Schengen tí wọ́n fún Màmá àti ìdajì àwọn tó ń bọ̀, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá lè dé Tọ́kì pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn, kò sí pé wọ́n ń padà wọ Gíríìsì. Kí Tọ́kì tó gbà wọ́n wọlé pàápàá, físà míràn tún nìyẹn. Oúnjẹ ọ̀sán ọ̀hún ì bá pẹ́ o. Mo tún gbàgbé afẹ́fẹ́ meltemi, tó máa ń ti àríwá fẹ́ sórí òkun Aegean ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, tó lè fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsinmi, tí Mykonos sì wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, gígùn tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù èbúté tí a kọ́kọ́ sùn sí. Ìwé ń ka ara ọkọ̀ nìkan; èbúté ń ka ohun gbogbo tó bá yọ síta, láti ẹnu ìdákọ̀ró níwájú dé pẹpẹ ìwẹ̀ nídìí. Ọkùnrin kan mú téèpù jáde. Iye tí a fi kún owó, ẹ má bi mí, ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì dákẹ́ lórí ẹ̀.

Ọ̀gá atukọ̀ tí wọ́n gbà sínú ọkọ̀, ọmọ Gíríìsì kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, gba ètò mi lọ́wọ́ mi, ó kà á tán pátápátá, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó sì fi ti ẹsẹ̀ tábìlì kan tó ti ń mì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀. Tábìlì náà ò mì mọ́. Ó ní Poros, Hydra àti Spetses la máa lọ, pé meltemi kì í fi bẹ́ẹ̀ le lápá ibẹ̀. Mo ní ṣé kí n tún kọ̀wé sí Hydra, nítorí mo ti kọ̀wé sí wọn léraléra pé kí wọ́n bá wa pa àyè mọ́, wọn ò sì dá mi lóhùn. Ó ní ta ló fẹ́ dá mi lóhùn? Kò sẹ́ni tó ń pàyè mọ́ fún ẹnìkan níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan níbí, torí bí ẹ ò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ bí ìtìjú náà ṣe tóbi tó. Ní Solent tí mo ti kọ́ṣẹ́, omi máa ń kún, ó sì máa ń fà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè tó mítà mẹ́rin. Nítorí náà, pèpéle tó ń léfòó ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ sì fi ń tì í. Òun àti pèpéle á jọ gòkè, wọ́n á jọ sọ̀. Ìdákọ̀ró kì í sábà bá wọn dá sí i. Omi Mẹditaréníà ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kún, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Ògiri òkúta ni wọ́n fi ṣe èbúté wọn, kò sì sí àyè tí gbogbo ọkọ̀ máa fi ẹ̀gbẹ́ tì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ọkọ̀ á dúró lókèèrè, á kọ ìdí sí ògiri, á ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú, á wá máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣéènì á máa tú jáde. Bí ìdí rẹ̀ bá ti kù díẹ̀ kó kan ògiri, wọ́n á fi okùn méjì so ó mọ́ ògiri, wọ́n á fa ṣéènì le, wọ́n á gbé pákó sílẹ̀ kí èèyàn lè gbabẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìdákọ̀ró tó wà lókèèrè yẹn ni kì í jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ gbá ògiri.

Kì í sì í ṣe wíwúwo irin ló ń di ọkọ̀ mú, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Ìdákọ̀ró ní láti ta ẹnu bọ ilẹ̀ ni, kò sì ní ta ẹnu bọlẹ̀ bí a bá ń fà á sókè; àfi ká máa fà á nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣéènì fi gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún jíjìn omi, kí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lè sùn sórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ wá wo Hydra. Èbúté náà kéré, ó sì tẹ̀ kọrọdọ. Gbogbo ọkọ̀ kọ ìdí sí ògiri, gbogbo wọn wá kọjú sí àárín. Ṣéènì tó ti ọ̀tún wá àti èyí tó ti òsì wá, ibo ni wọn ò ní ti pàdé? Abẹ́ omi Hydra ní oṣù kẹjọ dà bí òwú aláṣọ-òkè tí ọmọdé ti fi ṣeré.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ dára o. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí ọ̀kadà. Ketekete àti ìbaaka ló ń ru ẹrù láti etí omi gòkè. Ilé yí èbúté ká lọ sókè, gbogbo fèrèsé ló kọjú sómi, kò sì sí ohun tí èèyàn lè ṣe nísàlẹ̀ tí gbogbo ìlú ò ní rí. Leonard Cohen, olórin ọmọ Kánádà nì, ra ilé kan síbẹ̀ ní 1960. Ó ti kú kí n tó dé. Mo dúpẹ́.

Ọ̀sán la wọ ibẹ̀. Ọmọkùnrin tó máa ń dúró níwájú ọkọ̀ fún ọ̀gá atukọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ní Poros nítorí eyín tó ń dùn ún. Ọ̀gá atukọ̀ wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó la ẹnu, mo ti wà níwájú: rìmóòtù ẹ̀rọ tó ń fa ṣéènì wà lọ́wọ́ mi, wọkitọ́kì wà létí mi, fìlà wà lórí mi. Mo ní, "Mo ní ìwé-ẹ̀rí." Ó nawọ́ sí àlàfo kan láàárín ọkọ̀ méjì. Ó ní bí òun bá ti ní "ó yá", kí n tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí n máa ka àmì ọ̀dà tó wà lára ṣéènì ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí n sì máa pè é fún òun. Ẹni tó wà nídìí ìtukọ̀ kì í rí ìdákọ̀ró. Ojú ẹni tó wà níwájú ló fi ń ríran.

Màmá wá dé. Ó ní, "Àlàbí, ọkọ mi, yà mí ní fọ́tò kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí mi." Mo yà á. Ó wò ó, ó ní gèlè òun ò hàn tán. Mo tún un yà. Wọkitọ́kì sọ pé ó yá. Mo gbọ́ o, mi ò ní parọ́. Mo kàn ní kí Màmá yíjú sí òkè díẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó ga bíi tiwa, afẹ́fẹ́ kékeré ló ń tì í, afẹ́fẹ́ sì ń bọ̀ láti ọ̀tún. Ìgbà tí mo fi máa tẹ bọ́tìnì, iwájú wa ti sún lọ sósì, ìdákọ̀ró sì bọ́ sómi níwájú àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀gá atukọ̀ fi ẹ́ńjìnnì tún un ṣe, ó fẹ̀yìn wọlé wẹ́rẹ́, a so okùn, a gbé pákó sílẹ̀. Lókè, kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Nísàlẹ̀, ṣéènì wa dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ti gbogbo aládùúgbò tó wà lápá òsì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ní ilé oúnjẹ etí omi, mo ń ṣàlàyé fún tọkọtaya Gẹ̀ẹ́sì kan bí wọ́n ṣe ń ju ìdákọ̀ró. Mo fi fọ́ọ̀kì àti orí ẹja ṣe àpèjúwe. Wọ́n gbọ́ mi dópin.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìbí gan-an. Ètò ni pé ká lọ dúró ní ìyawọ́ omi kan tó dákẹ́, ká jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, ká ya fọ́tò. Nítorí náà, gbogbo wa ti wọ aṣọ ẹbí láti àárọ̀, lésì aláwọ̀ ewé, gèlè olómi wúrà, èmi náà pẹ̀lú fìlà tó bá a mu. Aago mẹ́wàá ń lọ lù, ilé kọfí kún dẹ́nu. A tú okùn ìdí. Mo tẹ bọ́tìnì, ṣéènì ń wọlé bọ̀ jẹ́jẹ́, mo ń ka mítà rẹ̀ sókè kí àwọn tó ń mu kọfí lè gbọ́. Ó dé ibì kan, ohùn ẹ̀rọ náà yí padà. Ó kùn. Iwájú ọkọ̀ tẹrí ba. Ẹ̀rọ yẹn, wọ́n ṣe é láti máa kó ṣéènì wọlé ni, wọn ò ṣe é láti fi gbé ẹrù. Bó bá ti kùn, èèyàn gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Ó wà nínú ìwé tí mo fi gba ìwé-ẹ̀rí. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Ìdákọ̀ró wa jáde lómi. Ṣéènì kan dábùú apá rẹ̀, ó ki, ewéko omi bò ó, kì í sì í ṣe tiwa. Ẹ rántí ohun tí mo sọ, pé ìdákọ̀ró kì í dúró bí a bá ń fà á sókè. Èmi gan-an ni mo dúró níbẹ̀ tí mò ń fa ti onítọ̀hún sókè. Ọkọ̀ olówó aládùúgbò wa, tó dúró ṣinṣin láti àná, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn lọ bá ògiri. Ọkọ̀ asáré kan tó ń ti Piraeus nítòsí Athens bọ̀ wá kọjá lẹ́nu èbúté lásìkò yẹn gan-an, ìgbì rẹ̀ wọlé, mo sì gbọ́ gbà! Ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì nídìí àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu, ó ń fi èdè tí mi ò gbọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tó ń sọ yé mi.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì le. Wọ́n á ti okùn kan bọ abẹ́ ṣéènì àjèjì náà, wọ́n á so orí okùn méjèèjì mọ́ ọkọ̀, kí okùn lè gbé e dúró. Wọ́n á sọ ìdákọ̀ró tiwọn kalẹ̀ díẹ̀, kí apá rẹ̀ lè yọ kúrò. Wọ́n á wá tú orí okùn kan, ṣéènì àjèjì á padà sílé rẹ̀. Ọ̀gá atukọ̀ ò lè kúrò nídìí ìtukọ̀, torí náà ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nínú wọkitọ́kì pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀. Mo dojú bolẹ̀ nínú lésì, mo na ọ̀pá ìkọ́ síta, mo ti okùn bọ̀ ọ́, mo so ó. Àwọn tó wà létí omi pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo tẹrí ba fún wọn. Fìlà mi ṣí, ó já sómi, kò sì rì.

Ó wá ku sísọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ọ́ kalẹ̀. Bọ́tìnì rìmóòtù ń sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bíréèkì ara ẹ̀rọ ní tirẹ̀, bí wọ́n bá tú u, ó ń tú ṣéènì sílẹ̀ lófo ni, kí wíwúwo rẹ̀ máa fà á lọ. Wọkitọ́kì ní, "Díẹ̀." Gbogbo èbúté ń wò mí. Mo tú bíréèkì.

Ẹ ò tíì gbọ́ irú ariwo yẹn rí. Gbogbo ṣéènì tó wà nínú ọkọ̀, ó ju mítà 80 lọ, ló ń ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà, eruku ìpẹtà ń rú, pákó abẹ́ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, àwọn àmì ọ̀dà tó yẹ kí n máa kà ń kọjá, mi ò lè rí wọn. Mo fẹ́ di bíréèkì náà padà. Ọwọ́ mi ò gbà. Ó dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó tán, ó sì dúró nítorí pé okùn ni wọ́n fi so ìparí rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀. Okùn ni wọ́n máa ń lò níbẹ̀, wọn kì í lo irin, kí èèyàn lè fi ọ̀bẹ gé e lọ́jọ́ tí ewu bá dé. Ọ̀gá atukọ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ro ọ̀bẹ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí okùn.

Gbogbo èbúté dákẹ́. Ketekete kan ké. Màmá ní, "Olúwa, gbà wá lọ́wọ́ àṣejù," gbogbo àwọn tó wọ lésì aláwọ̀ ewé sì ṣe àmín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìlò aṣọ ẹbí: kò sí bí mo ṣe lè sọ pé mi ò bá wọn wá.

Ibí yìí ni mo ti máa bínú díẹ̀, ẹ fara dà á. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò kékeré funfun wá láti orí ọkọ̀ kejì. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi tó dúró gbagidi nínú agbádá, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, òun ò ṣeré, nígbà wo ni ọlọ́kọ̀ máa dé? Ó wá wo aṣọ wa, ó ní ṣé àwọn onílù tí wọ́n gbà fún àríyá ni wá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan la gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ díẹ̀ tí a fi wà lójú omi. Ní èbúté tí a ti kọ́kọ́ sùn, ẹnìkan ti gbé àpò ìdọ̀tí rẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ṣéènì tó lọ́ mọ́ra, èmi ni mo lọ́ ọ. Kí wọ́n bú mi, ó tọ́ sí mi, mo ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi ogójì ọdún kówó jọ kó tó fi ra ìdá kan nínú mẹ́ta ọkọ̀, kò yẹ kó tún máa mú ìwé jáde lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n tó gbà pé tirẹ̀ ni. Ó mú un jáde ṣá. Ó fi hàn án láìsọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kà á, ó wá rántí pé òun ní nǹkan tí òun ń ṣe níbòmíràn.

Wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa má ṣe rìn títí a ó fi rí ẹni tó máa wọ ìsàlẹ̀ omi. Ó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Ó rì, ó pẹ́, ó jáde, ó bọ́ ìbòjú rẹ̀, ó bi ọ̀gá atukọ̀ ní nǹkan kan lédè Gíríìkì. Mo ní kí ló sọ. Ọ̀gá atukọ̀ ní ó béèrè bóyá ọwọ́ la fi hun ún.

Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó lè lọ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣí kúlà. Wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò àti ẹran díndín gba orí pákó bọ́ sétí omi, wọ́n sì ń pín in fún gbogbo ọkọ̀ tí mo tì mọ́lé. Màmá fúnra rẹ̀ ló bu ti oníbúrọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gba sí i, ó bá wa kọrin ọjọ́ ìbí, ó sì ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, tó mú ìwé jáde, tó kọ gbogbo ibi tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ti họ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan fi àwọ̀n kó fìlà mi wá. Ẹja kan wà nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ la tó kúrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló dúró níwájú, ló ń ka mítà; èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú kúlà. Láti ìgbà náà, wọkitọ́kì ò tún dé ọwọ́ mi mọ́.

Fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ adójútòfò dé síbi iṣẹ́ mi lánàá. Ẹ̀gbọ́n mi ló darí rẹ̀ sí mi, kò kọ nǹkan kan sí i ju "Ìwọ lo níwèé-ẹ̀rí." Wọ́n ń béèrè ẹni tó wà nídìí ìdákọ̀ró, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pàṣẹ fún un, àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìlà méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Mo ti kọ̀wé padà pé kí wọ́n fi ìwé kún un, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ fọ́tò Màmá, torí méjèèjì ló jáde dáadáa.